Kílọ́ṣì Tí Baálé Mi Tún Ṣe

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹfà

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ gún ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé lábẹ́rẹ́ lónìí, torí ibẹ̀ ò jìnnà. Ìgbà tí mo fi máa padà dé, baálé mi ti dá alùpùpù mi dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹran tí wọ́n fẹ́ kun. Ìdérí ẹ́ńjìnnì wà lórí àpótí. Àwọn pélétì kílọ́ṣì wà nínú abọ́ tí mo fi ń ṣan ìrẹsì. Òun alára jókòó sáàárín gbogbo rẹ̀, ó ń súfèé. Mi ò gbọ́ kó súfèé mọ́ láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ti ní kó máa lọ sílé.

"Kílọ́ṣì yìí ń yọ̀," ló wí. "Ìwọ náà lo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni."

"Ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ ga ju ilé yìí lọ. Èmi ni mò ń tú u, èmi ni mò ń tò ó. Ṣé ti alùpùpù ló wá máa ṣòro fún mi?"

Ìyá rẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. "Nọ́ọ̀sì, fi í sílẹ̀ jàre! Ọmọ mi lọ́wọ́ iṣẹ́."

Abọ́ mìíràn ni mo fi ṣan ìrẹsì.

Ọjọ́rú, 3

Ó ti tò ó padà. Páálí bàtà mi ló gé tó fi ṣe gásíkẹ́tì sábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, kí ọ́ìlì má baà jò. Wọ́ṣà kan, òrùka irin pẹlẹbẹ, ṣẹ́ kù sórí pákó. Mo bi í níbi tí ìyẹn ti wá. Ó ní àwọn tó ń ṣe máṣíìnì máa ń fi àlékún sí i. Ó sọ ọ́ sínú agolo ìṣó.

Mo gùn ún wò. Mo fa ọwọ́ kílọ́ṣì títí ó fi kan ìdí, mo fi jíà sí ọ̀kan, ló bá fò síwájú bí ewúrẹ́ tó já okùn, ó lọ kú sára ògiri.

"O ò fà á tó," ni baálé mi wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Kò fẹ́ dúró. Bí mo bá fa kílọ́ṣì ní ìkóríta, ó ṣì ń wọ́ mi lọ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé tó rí ibi tí wọ́n ti ń ta súìtì. Bí mo bá ní kí n yọ jíà, jíà ò yọ. Pípa ni mò ń pa ẹ́ńjìnnì níbi gbogbo tí mo bá ti dúró. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ní, "Ìyá, ṣé ẹ ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni?" Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù, ó dájú pé wọ́n ṣì ń nu imú fún un.

Ọjọ́ Ajé, 8

Ó ti fún wáyà kílọ́ṣì. Ó fún un débi pé ọwọ́ rẹ̀ ò ní àyè kankan mọ́. Lóòótọ́, ó ń dúró ní ìkóríta báyìí, ṣùgbọ́n òkè ni ò lè gùn. Mo dé ìdajì ọ̀nà ilé Bàbá Orí-Òkè, aláìsàn mi kan, ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, táyà ò sì yí. Òórùn nǹkan tó ń jóná gbà mí nímú. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ kó gbé mi yí padà sísàlẹ̀.

Egbò ẹsẹ̀ bàbá yẹn ò ṣeé fi sílẹ̀. Àtọ̀gbẹ wà lára wọn. Mo pe ọmọ wọn obìnrin lórí fóònù, mo ṣàlàyé bó ṣe máa fọ̀ ọ́ àti bó ṣe máa dì í. Ó ní òun ti gbọ́. Ohùn rẹ̀ ò jọ ti ẹni tó gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Wáyà tuntun. Owó rẹ̀ ti lé sí i, ti báńdéèjì náà ti lé. Kílọ́ṣì ò yàtọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ọ́ìlì ló kàn. Ti mọ́tò tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló kọ́kọ́ dà sí i. Ó ní ìyẹn ló ń mú pélétì yọ̀. Ó dà á nù, ó ra ti alùpùpù. Ẹ̀yìnkùlé dúdú, aṣọ tí mo sá dúdú, máṣíìnì sì ń yọ̀ bó ṣe ń yọ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá mi, mẹkáníìkì ẹ̀bá afárá yẹn..."

"Lọ bá a. Kó o sọ fún un pé ọkọ rẹ ò wúlò mọ́. Ilé-iṣẹ́ ti sọ tiwọn, ó ku tìrẹ."

Mo lọ tún aṣọ fọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 15

Mo fẹsẹ̀ gun òkè lónìí. Ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ṣùgbọ́n òjò, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn tó kù, ṣùgbọ́n ó máa dáa lọ́la, baálé mi ní ó máa dáa lọ́la.

Kí n tó wọ yàrá ni mo ti gbóòórùn egbò náà.

"Nọ́ọ̀sì," ni Bàbá Orí-Òkè wí, "mo rò pé ẹ ti bá ẹsẹ̀ mi jà ni."

Mo tú aṣọ tí wọ́n fi di egbò náà. Mo fara balẹ̀ dì í padà. Mo pe ọmọ wọn sí ìta, mo ní kó wá ọkọ̀, kó gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá, lónìí, kì í ṣe lọ́la. Mo ti gbọ́ ọ̀la tó.

Ọjọ́bọ̀, 18

Wọ́n ti gé méjì nínú ìka ẹsẹ̀ bàbá. Mo lọ kí wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Àyè á gbà mí nínú bàtà wàyí," ni wọ́n sọ fún mi. Ọmọ wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn," bí a ṣe ń kí àlejò tí a ò retí, tí a ò sì fẹ́ kó jókòó.

Mo délé, ọwọ́ baálé mi wà nínú ẹ́ńjìnnì dé ìgúnpá. Ó ní òun ti rí ohun tó ń ṣe é wàyí. Mo wò ó, mo wo àpò iṣẹ́ mi. Mi ò sọ ti bàbá fún un. Bí mo bá la ẹnu, ohun tó máa jáde ò ní ṣeé kó padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 19

Ohun tó rí kọ́ ló ń ṣe é. Ó ṣì ń yọ̀.

Mo ní mo ń lọ síbi iṣẹ́. Mo gùn ún dé kọ̀rọ̀, mo pa á, mo tì í lọ sí ẹ̀bá afárá. Ọ̀nà náà jìn, ẹrẹ̀ sì pọ̀. Mẹkáníìkì ṣí ìdérí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rí ojú mi, ó gbé èyí tó kù mì.

"Ta ló ṣe èyí, Ìyá Nọ́ọ̀sì?"

"Ẹnìkan ni."

"Ẹnìkan yẹn gbàgbé wọ́ṣà tó máa ń wà lẹ́yìn ilé kílọ́ṣì. Ìyẹn ni ò jẹ́ kó jọ̀wọ́ máṣíìnì bí ẹ bá fà á. Ó wá lọ fún wáyà pinpin torí kó lè jọ̀wọ́ ẹ̀, ìyẹn ló sì jó àwọn pélétì. Ẹ wò ó, ó dúdú bí ìdí ìkòkò."

Mo mọ ibi tí wọ́ṣà náà wà. Inú agolo ìṣó ni.

Ó rẹ pélétì tuntun sínú ọ́ìlì, ó fi wọ́ṣà mìíràn síbi tó yẹ, ó sọ páálí bàtà mi nù, ó fi gásíkẹ́tì dúdú rọ́pò rẹ̀, èyí tó jẹ́ ti máṣíìnì gan-an. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. "Ẹnu mi ti dì," ló wí.

Mo gùn ún. Ó ń gbọ́ràn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Mo gbé e gba òkè lọ tààrà, kò yọ̀, kò ké, títí mo fi dé iwájú ilé Bàbá Orí-Òkè. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ wò níbẹ̀ mọ́. Mo yí padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

"Ó ti dáa," ni mo sọ fún baálé mi. "Èyí tí ẹ ṣe lọ́jọ́bọ̀ yẹn ló mú un. Bóyá ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ́ra ni. Ẹ kú iṣẹ́."

Ojú rẹ̀ là bí ilẹ̀ tó mọ́. Ó pe ìyá rẹ̀ jáde kó wá gbọ́. Ìyá ní, "Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?" Baálé mi jẹun tán, ó tún bù sí i.

Ẹlòmíràn á ní àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Kì í ṣe àánú. Ó ti rẹ̀ mí ni. Mo fẹ́ kí ilé dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 22

Ó fọ alùpùpù mi fún mi láàárọ̀, ó nu gbogbo ara rẹ̀ gbẹ. Ó dákẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. "Ṣé ó ń gun òkè dáadáa?" Mo ní ó ń gùn ún. Mo wọ bàtà mi tán, ó tún béèrè. Ìdùnnú ló jọ lójú mi.

Ọjọ́rú, 24

Pákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹfun ló fi kọ ọ́: A Ń TÚN KÍLỌ́ṢÌ ALÙPÙPÙ ṢE NÍBÍ. Ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé. Ó bi mí bóyá ó hàn láti títì.

Mo ní ó hàn.

Ọjọ́ Àìkú, 28

Kò sẹ́ni tó yà títí di òní. Lónìí ni Télọ̀ tó múlé tì wá ti máṣíìnì tirẹ̀ wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yẹ kílọ́ṣì yìí wò. Ó le lọ́wọ́."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Télọ̀, ṣé kò ní dáa kẹ́ ẹ..."

Baálé mi gbójú sókè, ó wò mí.

"...kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹun," ni mo wí.

Ó jẹun. Ó ní ọbẹ̀ náà dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

Télọ̀ ti ṣubú. Ní ìkóríta ilé epo ni. Ó fa kílọ́ṣì tí baálé mi bá a tún ṣe kí ọkọ̀ akẹ́rù kan lè kọjá, máṣíìnì sì fò lábẹ́ rẹ̀, ó gbé e jù sí gọ́tà. Ọpẹ́ ni pé ọkọ̀ ti kọjá tán. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló kán. Ọ̀tún. Ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ.

Èmi ni wọ́n sáré wá pè. Mo fi pákó pẹlẹbẹ di ọwọ́ náà kí wọ́n tó gbé e lọ. Kò ké. Ó kàn ń sọ pé, "Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ ńkọ́? Aṣọ ilé-ìwé ńkọ́?" Ìyàwó rẹ̀ di èjìká rẹ̀ mú. Kò wo ojú mi títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Keje

Mo sọ òótọ́ fún baálé mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi àkísà nu sípánà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ tún alùpùpù mi ṣe. Mẹkáníìkì ẹ̀bá afárá ni."

"Mo mọ̀."

Mo rò pé etí mi ló dà á rú.

"Mo ṣí i lọ́jọ́ kejì tó o kí mi," ló wí. "Ìwọ fẹsẹ̀ lọ kí ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé. Mo ní kí n fojú ara mi rí ohun tí mo ṣe dáadáa. Gásíkẹ́tì dúdú ni mo bá níbẹ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì gbé pákó síta? Ẹ mọ̀, ẹ sì gba máṣíìnì oní-máṣíìnì?"

"Ìwọ náà mọ̀. Ṣebí o dúró síbẹ̀, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ."

Mo wá ibi jókòó.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́," ló wí, "o ò kí mi 'ẹ kú iṣẹ́' rí. Ọjọ́ tó o wá kí mi, irọ́ ni. Mo ní kí n ṣe ọ̀kan tí wọ́n á torí ẹ̀ kí mi, tí kò ní jẹ́ irọ́."

Ìgbà yẹn ni mo sọ ti ìka ẹsẹ̀ Bàbá Orí-Òkè fún un. Kò sí ìdí tó fi yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo sọ ọ́ kó lè dùn ún. Ó dùn ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 3

Ìyá ọkọ mi béèrè bóyá iyọ̀ ti tán. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó ní, "Kò burú, màá bi ògiri. Wọ́n ṣáà ní ògiri létí." Iyọ̀ ti tán lóòótọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Baálé mi dìde láàárọ̀, ó wọ bàtà. Kò ní kí n tẹ̀ lé òun, kò sì ní kí n má tẹ̀ lé òun. Mo tẹ̀ lé e lọ sílé kejì.

Télọ̀ wà nínú ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun di ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Aṣọ ilé-ìwé tí kò tíì rán ga láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa òwú.

Baálé mi kò jókòó. "Télọ̀, jọ̀ọ́. Mi ò mọ iṣẹ́ yẹn. Ti ìyàwó mi gan-an, mẹkáníìkì ló tún un ṣe. Mo jẹ́ kó o rò pé èmi ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Mẹkáníìkì ẹ̀bá afárá, àbúrò ìyàwó mi ni. Ọjọ́ tó ṣe é gan-an ló sọ fún mi."

Ẹnu tó dì!

"O mọ̀," ni baálé mi wí, "o sì gbé tìrẹ wá?"

Télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí òwú.

"Ẹ̀gbọ́n, kílọ́ṣì mi ò bàjẹ́. Ó kàn le lọ́wọ́ díẹ̀ ni, bó ṣe wà láti ìgbà tí mo ti rà á nìyẹn. Mò ń rí yín lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ jókòó sídìí pákó yẹn, tí kò sẹ́ni tó ń yà. Àánú yín ló ṣe mí. Mo ní, kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí mo bá fún wọn ní nǹkan ṣe?"

Ẹ̀yìn ọrùn baálé mi ni mò ń wò. Mo ti rí òkú, mo ti rí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tó ṣòro wò bí ẹ̀yìn ọrùn yẹn.

Ìyàwó Télọ̀ ló sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn. "Gbogbo yín ti ṣàánú ara yín tán. Ta ló máa wá rán aṣọ?"

Ọjọ́ Ajé, 6

Pákó ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Baálé mi náà ti kúrò nílé kí n tó gbé omi kaná. Ìyàwó Télọ̀ ló sọ fún mi níbi tí a ti ń pọn omi, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ṣubú: ó ní baálé mi wọ ìsọ̀, ó mú àlùmọ́gàjí, ó ní, "Ọwọ́ ni gbèsè tí mo jẹ ọ́. Kọ́ mi." Télọ̀ ní òun ò ní lè fojú fo ohun tí kò bá dáa, torí aṣọ oníbàárà ni. Baálé mi ní kó má fojú fo nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo gba iwájú ìsọ̀ kọjá. Ohùn Télọ̀ dé títì: "Ẹ̀gbọ́n, apá ọmọdé ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ erin! Ẹ tú u!" Àwọn tó ń kọjá rẹ́rìn-ín. Baálé mi ò gbórí sókè. Èmi náà ò dúró. Kílọ́ṣì mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, n ò rí i fi ṣàwáwí.

Ọjọ́bọ̀, 16

Òjò ò dá. Bàbá Orí-Òkè ti délé. Ọmọ wọn ti gba nọ́ọ̀sì mìíràn, ọmọge kan tó mọ́ tónítóní, tó ń wọ ọkọ̀ èrò wá. Bàbá juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé nígbà tí mò ń kọjá. Mo juwọ́ padà. Àní mo tún fọn fèrè sí wọn. Mo lọ dúró lẹ́yìn kọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè máa lọ.

Ọjọ́ Ajé, 20

Baálé mi mú aṣọ funfun kan bọ̀ láti ìsọ̀ nígbà tó wá jẹun ọ̀sán. Aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Òun ló gé e, òun ló rán an. Láti ọjọ́ tí a ti jọ sọ̀rọ̀ yẹn, "omi dà" àti "mo ti lọ" nìkan ló ń bá mi sọ. Ó nà án sí mi.

"Wọ̀ ọ́."

Mo wọ̀ ọ́, mo dúró síwájú dígí. Ó dúró lẹ́yìn mi. Èjìká òsì ga ju ọ̀tún lọ. Ọrùn rẹ̀ ń fún mi.

"Ṣé ó dáa?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kan ti wà létè mi. Mo rí i nínú dígí pé ó mọ ọ̀rọ̀ náà, ó ń dúró dè é.

"Èjìká òsì ga," ni mo wí. "Ọrùn rẹ̀ sì ń fún mi."

"Ìgbà wo lo ti rí i?"

"Bí mo ṣe wọ̀ ọ́."

"Kí ló wá mú ọ dúró kó o tó sọ ọ́?"

Ó ní kí n bọ́ ọ. Ó ká a mọ́ abíyá kí òjò má baà pa á, ó padà sí ìsọ̀. Oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án. Mo fi ìdérí dé e.